Ẹja márùn-ún ni wọ́n mú ní Bimini, ekurá jẹ mẹ́ta

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ní ìparí oṣù Karùn-ún, àlejò méjì fi ìwọ̀ mú bonefish márùn-ún lórí omi tí kò jìn tó wà lápá ìlà-oòrùn North Bimini, ní Bahamas. Gbogbo wọn ni wọ́n fẹ́ dá padà sómi láàyè, torí òfin ibẹ̀ kò gbà kí àlejò ṣe ohun mìíràn. Méjì ló lọ ní àlàáfíà. Ekurá, ẹja tí àwọn kan ń pè ní ṣáàkì, ló jẹ mẹ́ta: ó jẹ méjì lẹ́yìn tí wọ́n ti tú wọn sílẹ̀, ó jẹ ọ̀kan tó kù nígbà tí ìwọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Àwọn àlejò náà gbà pé àìríre ni. Àìríre kọ́. Bí a bá to wákàtí, ìrìn omi, irinṣẹ́ àti ọwọ́ tí wọ́n fi di ẹja mú síbì kan, a ó rí i pé ikú ẹja kẹta tí wọ́n mú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délẹ̀ kí wọ́n tó ju ìwọ̀ sí i.

Ká kọ́kọ́ mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Bimini kéré gan-an. Òun ni ilẹ̀ Bahamas tó sún mọ́ Amẹ́ríkà jù, nǹkan bí 80 kìlómítà ló wà láàárín rẹ̀ àti Miami. Ọkọ̀ òfuurufú ń balẹ̀ sí South Bimini, ẹni tó bá sì ń lọ sí Alice Town ní North Bimini yóò tún wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò sọdá, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. North Bimini gùn tó kìlómítà 11, àmọ́ ó tín-ín-rín bí okùn. Ọ̀nà méjì ló gba inú rẹ̀ kọjá, King's Highway àti Queen's Highway, kẹ̀kẹ́ gọ́ọ̀fù ló sì pọ̀ jù lórí wọn. Létí omi, òkìtì ìkarahun ìgbín òkun tí wọ́n ti yọ ẹran inú rẹ̀ ga tó èèyàn níbòmíràn.

Ìhà ìwọ̀-oòrùn erékùṣù náà kọjú sí Gulf Stream, ìṣàn omi ńlá kan nínú òkun, omi ibẹ̀ jìn lójijì. Ibẹ̀ ni Ernest Hemingway, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ti ń lé ẹja ńlá ní àárín ọdún 1930 sí 1939, òun ló sì gbé orúkọ Bimini dé etí ọ̀pọ̀ àlejò. Ìhà ìlà-oòrùn kò jọ ọ́ rárá. Iyanrìn funfun, koríko òkun àti ẹrẹ̀ rírọ̀ ló tẹ́ lọ fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, omi orí wọn kì í sì í ju orúnkún sí itan lọ. Irú ibẹ̀ ni àwọn apẹja ń pè ní flats. Igi ẹ̀gbà ló yí i ká, igi tí gbòǹgbò rẹ̀ máa ń dúró sínú omi bí ẹsẹ̀ akàn. Omi tí igi ẹ̀gbà yìí yí ká ni North Sound, ọmọ ekurá sì pọ̀ níbẹ̀ débi pé láti ọdún 1990 ni Samuel Gruber ti dá ibùdó ìwádìí ekurá sílẹ̀ ní Bimini. Irú ekurá kan tí wọ́n ń pè ní lemon shark ni wọ́n mọ̀ jù níbẹ̀. Abo rẹ̀ máa ń padà wá bímọ síbi tí wọ́n bí òun fúnra rẹ̀ sí, ọmọ rẹ̀ á sì gbé inú ẹ̀gbà fún ọdún mélòó kan kó tó jáde. Àsìkò tí àwọn abo ń wọlé wá bímọ ni ìparí oṣù Karùn-ún bọ́ sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Bonefish ni ẹja tó sọ ibẹ̀ di ibi àbẹ̀wò. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Albula vulpes. Orúkọ rẹ̀ kò parọ́, eegun inú rẹ̀ pọ̀ bíi ti ṣawá. Ara rẹ̀ ń dán bíi dígí, ó sì ń gba àwọ̀ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, débi pé òjìji rẹ̀ lèèyàn sábà máa ń rí kó tó rí ẹja fúnra rẹ̀. Bí ìwọ̀ bá ti há a lẹ́nu, ó lè fa 60 mítà okùn jáde kí àlejò tó gbẹ́nu sọ̀rọ̀. Èèyàn kì í jókòó dúró dè é. Ṣe ni wọ́n ń wá a kiri pẹ̀lú ojú, bí ọdẹ ṣe ń wá ẹran. Bahamas ya àwòrán rẹ̀ sára owó ẹyọ sẹ́ǹtì 10. Kò sì yà wá lẹ́nu: ìwádìí kan ní ọdún 2010 ṣírò pé pípẹja lórí flats ń mú 141 mílíọ̀nù dọ́là wọ orílẹ̀-èdè náà lọ́dún. Ní Bimini gan-an, ọdún 1971 ni wọ́n mú bonefish kan tó wọn páùn 16 àti áúnsì 3, ẹja tó gbàwé ẹ̀rí àgbáyé nígbà náà. Ansil Saunders, kankọ̀kankọ̀ àti atọ́nà, ló tọ́nà fún ẹni tó mú un. Òun náà ló gbé Martin Luther King wọ inú ẹ̀gbà ní ọdún 1964, nígbà tí King ń múra ọ̀rọ̀ tí yóò sọ níbi tí wọ́n ti fẹ́ fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Owó ìwé àṣẹ kì í ṣe ìṣòro nínú ọ̀rọ̀ yìí. Láti ọdún 2017 ni ìjọba Bahamas ti ṣòfin pé àlejò gbọ́dọ̀ gbàwé kó tó pẹja lórí flats. Dọ́là 15 ni ti ọjọ́ kan nígbà tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, 20 ni ti ọ̀sẹ̀, 30 ni ti oṣù, 60 ni ti ọdún. Àwọn méjèèjì gba ti ọ̀sẹ̀. Wọ́n háyà atọ́nà tó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún, tó ní ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan tí isàlẹ̀ rẹ̀ kò wọ omi púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbé e dé ibi iṣẹ́. Bó bá ti débẹ̀, ọ̀pá gígùn ló fi ń ti ọkọ̀, kí ariwo má baà lé ẹja. Irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ wọ́n lówó, ọ̀pọ̀ ará Bahamas ló sì ń ti inú asue rí owó tí wọ́n fi ń ra ohun ńlá. Èésú wa náà ni, tí àwọn baba ńlá wọn kó lọ láti ọ̀dọ̀ wa. Iye kan náà ni kálukú ń dá, wọ́n á sì máa kó o ní ìkọ̀ọ̀kan.

Nínú àwọn àlejò náà, ẹni àkọ́kọ́ ti pẹja lórí flats rí. Odò inú igbó ní Amẹ́ríkà ni ẹnì kejì ti kọ́ tirẹ̀, ibẹ̀ ni ìṣòro kan ti yọ. Ẹni àkọ́kọ́ gbé ọ̀pá oníwọ̀n 8 wá (bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ọ̀pá ṣe lágbára tó), pẹ̀lú ríìlì tó gba 200 mítà okùn ìpamọ́ fún ẹja tó bá sáré jìnnà, okùn tín-ín-rín tó so mọ́ ìjẹ sì lágbára páùn 16. Ẹnì kejì gbé ọ̀pá oníwọ̀n 6 tó ń lò lódò nílé, okùn rẹ̀ sì jẹ́ páùn 8. Ó ní ọ̀pá fúyẹ́ ló ń dùn jù, torí á jẹ́ kí òun mọ agbára ẹja. Òótọ́ ni, àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò mọ síbẹ̀. Ọ̀pá tí kò lágbára kò lè yí orí ẹja padà, ńṣe ni ẹja á máa sáré títí tí agbára inú ẹran ara rẹ̀ á fi tán. Ìjẹ onírun bí edé tàbí akàn ni wọ́n so, ìwọ̀ nọ́ńbà 4 àti 6. Crazy Charlie wà lára rẹ̀, ìjẹ tí wọ́n fi orúkọ Charlie Smith, atọ́nà kan ní erékùṣù Andros, sọ. Atọ́nà wọn fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ara ìwọ̀ tọ̀túntòsì pẹlẹbẹ kí wọ́n tó gbéra. Ohun tó dáa jù tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Òṣùpá àrànmọ́jú ti yọ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Ìyẹn ni pé omi kún ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó sì fà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ: ìyàtọ̀ nǹkan bí 90 sẹ̀ǹtímítà láàárín òkè àti ilẹ̀. Lórí ibi tí omi kò ju orúnkún lọ, 90 sẹ̀ǹtímítà ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín òkun àti ilẹ̀ gbígbẹ. Àtẹ ìrìn omi sọ pé omi yóò kún tán ní aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àmọ́ etí òkun ni àtẹ yẹn ń sọ. Nínú ẹ̀gbà, níbi tí omi ń gba ẹnu tóóró wọlé, ó lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà mìíràn tó wákàtí kan. Àlejò tó ń wo àtẹ lórí fóònù kò mọ èyí. Atọ́nà mọ̀ ọ́n, torí ó ń wo bí koríko òkun ṣe tẹ̀.

Ọkọ̀ dé ibi iṣẹ́ ní aago méje ààbọ̀. Omi ń kún. Bí omi bá ń kún, bonefish á máa tẹ̀lé e gun orí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bò, torí akàn àti edé inú ẹrẹ̀ ń jáde níbẹ̀. Wọ́n á dorí kodò, ìrù wọn á yọ sókè omi, á máa mì gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó di aago mẹ́jọ, ẹni àkọ́kọ́ ju ìjẹ síwájú ẹja kan, nǹkan bíi mítà méjì sí orí rẹ̀. Ó jẹ́ kó rì, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì ní kúkúrú, ẹja gbà á. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ààbọ̀ ló lò kí ẹja tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbé e jáde. Ó ti ọwọ́ bọ omi kó tó fọwọ́ kàn án, ó di ìwọ̀ mú, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀ bọ́ torí kò ní ẹ̀gún. Ẹja náà dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó fi ìrù gbá omi, ó lọ. Ẹja kejì náà rí bẹ́ẹ̀ ní aago mẹ́jọ kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ní gbogbo àsìkò yìí, ẹnì kejì ti pàdánù ẹja mẹ́rin. Bí ẹja bá ti gbé ìjẹ, ó máa ń gbé ọ̀pá sókè, bí wọ́n ṣe ń ṣe lódò. Lórí flats, ṣe ni ìyẹn ń yọ ìjẹ kúrò lẹ́nu ẹja. Ọwọ́ òsì ló yẹ kó fi fa okùn tààrà títí yóò fi wúwo, ọ̀pá a máa wà nílẹ̀. Bí inú bá ti ń bí èèyàn lórí irú èyí, tó bá wá rí ẹja kan mú, kò ní fẹ́ kó lọ láìya fọ́tò.

Omi dúró ní nǹkan bí aago mọ́kànlá ku ogún nínú ẹ̀gbà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Àwọn àlejò ló ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀ lọ sí ẹnu odò kékeré kan tí gbogbo omi inú ẹ̀gbà ń gbà jáde. Ní ti ẹja mímú, èrò wọn kò burú: bí omi bá ń fà, bonefish kò ní jẹ́ kó gbẹ lé òun lórí, ẹnu odò yẹn ló máa gbà jáde, ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́. Ekurá àti kúta náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dúró dè wọ́n, ọjọ́ ti pẹ́ kí àlejò tó mọ Bimini. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣófo, iyanrìn funfun lásán, kò sí gbòǹgbò ẹ̀gbà tí ẹja lè sá wọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún mítà. Omi náà ti gbóná. Ní ìparí oṣù Karùn-ún, omi orí flats lè dé ìwọ̀n 30 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ọ̀sán tó pọ́n, omi gbígbóná kì í sì í di afẹ́fẹ́ mú tó omi tútù. Ẹja tó sáré nínú rẹ̀ á tètè rẹ̀, á pẹ́ kó tó sinmi.

Ẹnì kejì mú ẹja kẹta ní aago mọ́kànlá géérégé. Ọ̀pá fúyẹ́ náà tẹ̀ títí dé ọwọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló gbà. Nígbà tó fi dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti ń dẹ̀gbẹ́. Atọ́nà sọ pé kí ó yọ ìwọ̀ nínú omi.

"Captain, ẹ jọ̀ọ́, fọ́tò kan péré."

"Ẹ ṣe é kíá o. Ojú ẹja ti rẹ̀."

Wọn ò ṣe é kíá. Ẹni tó fẹ́ ya fọ́tò wá fóònù nínú àpò tí kì í jẹ́ kí omi wọlé, oòrùn kò jẹ́ kó rí ojú fóònù, ó ní kí èkejì yí ara padà. Ẹja náà yọ lọ́wọ́, ó jábọ́ sórí pátákó ọkọ̀, wọ́n tún gbé e. Ọwọ́ gbígbẹ ni, ìpara oòrùn sì ṣì wà lára rẹ̀. Ohun yíyọ̀ tó bo ara ẹja, tí kì í jẹ́ kí àrùn wọ̀ ọ́, fi ara mọ́ ọwọ́ yẹn. Bí a ṣe kà á, ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló lò lókè omi. Mẹ́wàá ló yẹ kó jẹ́ ìparí rẹ̀, bí kò bá ṣeé ṣe kó má rí afẹ́fẹ́ rárá.

Bí wọ́n ṣe tú u sílẹ̀ ló tún bà á jẹ́. Àlejò náà di ìrù rẹ̀ mú, ó ń tì í síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn, bí ẹni ń fọ aṣọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n rò pé wọ́n ń fún un ní èémí. Iwájú ni omi ń gba ẹnu ẹja wọlé, ó sì ń gba ihò èémí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí jáde. Bí a bá fà á sẹ́yìn, ṣe là ń dí èémí náà. Ó kàn yẹ kí ó gbé e dúró, kí orí rẹ̀ kọjú sí ìrìn omi, kó fi ọwọ́ kan sábẹ́ ikùn, kó sì dúró. Kí ẹja fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrù gbá. Ìdánwò kan wà tí gbogbo atọ́nà tó mọ iṣẹ́ ń lò: kó o yí ẹja sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ lábẹ́ omi. Bó bá dìde padà fúnra rẹ̀, jẹ́ kó lọ. Bí kò bá dìde, o kò tíì tó tú u sílẹ̀.

Kò dìde, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Ó lúwẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́wàá, ó dẹ̀gbẹ́, funfun ikùn rẹ̀ yọ. Ekurá kan tó gùn tó mítà kan ààbọ̀ jáde láti ibi tí omi ti ṣókùnkùn. Kò sáré. Ó kàn rìn wá bí ẹni tó mọ̀nà.

Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní Eleuthera, ní Bahamas yìí kan náà, tó sì jáde ní ọdún 2007. Ó fi hàn pé bonefish tí kò lè dúró gbọọrọ nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́fà sún mọ́ ẹnu ekurá ju èyí tó dúró gbọọrọ lọ. Ìwádìí ọdún 2004 ti fi hàn ṣáájú pé níbi tí ekurá kò pọ̀, kò sí ẹja tó kú lára àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀. Níbi tí wọ́n pọ̀ sí, 39 nínú 100 ló kú, láàárín ààbọ̀ wákàtí àkọ́kọ́. Àwọn ìṣirò yìí ló mú ká sọ pé ẹja kẹta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí wọ́n tó mú un: ibi tó burú, wákàtí tó burú, ọ̀pá tí kò tó. Fọ́tò ló kàn parí rẹ̀.

Ní ojú tiwa, kókó ọ̀rọ̀ ni ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà. Ó yẹ kí wọ́n kúrò. Kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì gbé ọkọ̀ lọ tó kìlómítà kan, sí apá ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí òórùn ẹ̀jẹ̀ má baà tẹ̀lé wọn. Atọ́nà sọ ọ́. Àlejò ní ẹja ṣì pọ̀ níbẹ̀, wọ́n ti sanwó ọjọ́ kan odindi. Ó gbà fún wọn. Ẹ̀bi tirẹ̀ nìyí, a kò ní fi pamọ́. Ẹni tó ń tọ́nà ló ni ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn bí ọ̀rọ̀ bá di ti ekurá.

Ẹja kẹrin, aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀pá oníwọ̀n 8, ìṣẹ́jú márùn-ún. Wọn kò gbé e jáde, ọwọ́ tútù ni wọ́n fi mú un, ó dúró gbọọrọ. Ẹ̀rí ni pé èèyàn lè ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ, kí ibi tó wà sì ba tirẹ̀ jẹ́. Ekurá méjì ti wà níbẹ̀ báyìí, ẹja tó ti rẹ̀ kò lè ré wọn kọjá. Ìṣẹ́jú kan kò pé.

Wọ́n wá ti ọkọ̀ sún, àádọ́ta mítà péré, sí ìsàlẹ̀ omi. Ìyẹn ni pé wọ́n tẹ̀lé òórùn ẹ̀jẹ̀ náà lọ. Ẹja karùn-ún sáré, okùn na, ó sì dúró lójijì. Ẹni àkọ́kọ́ rí òjìji tó ń bọ̀ lẹ́yìn ẹja, ó sì ṣe ohun tí èèyàn máa ń kọ́kọ́ ronú kàn: ó fa okùn gan-an kí ẹja lè tètè dé. Bí ẹni tó so okùn mọ́ ẹsẹ̀ ẹni tí ajá ń lé ni. Bonefish tí kò tíì rẹ̀ yára ju ekurá lọ. Ohun tó yẹ ni kó tú bíréèkì ríìlì pátápátá kí okùn dẹ̀, kí ẹja lè sáré bó ṣe fẹ́. Bí ekurá kò bá fi sílẹ̀, kó na ọ̀pá sí ọ̀kánkán ẹja, kó di ríìlì mú, kó já okùn. Ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún á bọ́ fúnra rẹ̀ láìpẹ́. Kò ṣe èyíkéyìí. Orí ẹja ló fà wá sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ibi tí wọ́n ti gé e mọ́ tónítóní, ìjẹ edé náà ṣì há sí igun ẹnu.

Atọ́nà kò jù orí náà sómi, torí ṣe ni ìyẹn ìbá tún pe ekurá sí i. Ó ju ọ̀pá sínú ọkọ̀, ó tan ẹ́ńjìnnì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ní Alice Town, wọ́n jókòó sórí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí kò pọ̀, ó sì jẹ́ ohun tí ẹnikẹ́ni tó bá ń lọ sí Bimini, Andros tàbí Exuma lè dì mú kó tó kúrò nílé. Ọ̀pá fúyẹ́ padà sínú àpótí. Ẹnì kejì yá ọ̀pá oníwọ̀n 8 lọ́wọ́ atọ́nà, okùn páùn 16. Bí ẹja bá ti lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì dé, wọ́n á já okùn. Kò sí ìpara oòrùn ní àtẹ́lẹwọ́: aṣọ alápá gígùn, fìlà, àti aṣọ tó bo ọrùn ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. A ò gbà wọ́n nímọ̀ràn láti wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń di ẹja mú, torí òun náà ń bó ohun yíyọ̀ ara ẹja. Fọ́tò, bó bá di dandan: fóònù á ti ṣí, ẹja á wà nínú omi, a ó gbé e sókè nígbà tí afọ́tò bá ní "ó yá", a ó sì dá a padà kí a tó ka mẹ́ta. Bí ekurá kan bá ti yọ, ó tán níbẹ̀. Àwọn kan tún máa ń gbé àpò àwọ̀n lọ, kí ẹja tó dẹ̀gbẹ́ lè sinmi nínú rẹ̀ nínú omi tó ń ṣàn kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Atọ́nà yìí kò ní, ó sì ní òun á wá ọ̀kan.

Wákàtí ni wọ́n fi àkókò tó pọ̀ jù jiyàn lé lórí. Àlejò fẹ́ jáde ní aago mẹ́jọ, lẹ́yìn oúnjẹ. Ní ọjọ́ kejì, omi yóò kún tán ní nǹkan bí aago mọ́kànlá létí òkun, torí ó ń pẹ́ sí i ní ìṣẹ́jú bí àádọ́ta lójoojúmọ́. Atọ́nà ní aago mẹ́fà ààbọ̀ ni kí wọ́n wà létí omi, kí wọ́n lo gbogbo omi tó ń kún, kí wọ́n sì padà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Wọ́n ní owó ọjọ́ kan odindi ni wọ́n san. Ó dá wọn lóhùn pé ìdajì ọjọ́ lórí omi tó ń kún, ìdajì tó kù òun á fi ọkọ̀ gbé wọn lọ wo inú ẹ̀gbà láìgbé ọ̀pá.

Wọ́n jáde ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ẹja mẹ́rin ni wọ́n mú, ẹnì kejì mú méjì nínú rẹ̀ lẹ́yìn tó ti ń fi ọwọ́ òsì fa okùn. Èyí tó pẹ́ jù gba ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n ya fọ́tò kan, ìdajì ẹja ló sì wà nínú rẹ̀, torí ó ti fi ìrù gbá omi sójú fóònù kí afọ́tò tó tẹ̀ ẹ́.